Jẹun Ná Kí O Tó Gbọ́

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú mi, ẹ bi mí pé kí ni mo jẹ láàárọ̀. Àwọn oníbàárà mi ti mọ̀. Wọ́n á gbé aṣọ wọn wá, wọ́n á kí mi kú iṣẹ́, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ọ̀kan nínú wọn ṣèèṣì sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ mà rù o. Ṣé ẹ tiẹ̀ ń jẹun àárọ̀ báyìí?" Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé áyọ́nù gbígbóná sórí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ní kó gbé aṣọ rẹ̀, kó máa lọ. Ó sì gbé e lóòótọ́. Ẹ má dá mi lẹ́bi, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àárọ̀ ti kọjá eré lọ́dọ̀ tèmi.

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra búrẹ́dì gbígbóná ní kùtùkùtù, ṣé ẹ tiẹ̀ máa ń rántí pé ẹnì kan ò sùn kí ẹ tó rí i rà? Òun ni ẹni tí ò sùn. Nígbà tí gbogbo ayé bá ń palẹ̀ mọ́ láti sùn ni yóò kó ṣòkòtò funfun tí mo ti lọ̀ fún un sínú àpò, tí yóò sì gba ilé búrẹ́dì lọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí àwọn èèyàn ń jáde, òun ń wọlé bọ̀, ìyẹ̀fun nínú irun imú rẹ̀, ìyẹ̀fun láàárín ọmọ ìka rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé tí n bá bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lórí, wíwú ló máa wú. Á rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín èèyàn ni, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú, torí pé ẹ ò lè bá a jà kí ẹ gbádùn ìjà náà.

Oúnjẹ àárọ̀ nìkan la jọ ń jẹ. Tó bá jí lọ́sàn-án, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá dé, òun ti ń lọ. Tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná wa, ibẹ̀ la ti ń ṣe tọkọtaya. Ibẹ̀ la ti ń jà, ibẹ̀ la ti ń parí ìjà. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo ti wà nílé ọkọ, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Àwa méjèèjì la kù.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ kéré. Páànù tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì já bọ́ lu àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kò dun òun. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó já wa láyà, pé irin bọ́ lu èèyàn lẹ́sẹ̀ tí kò sì dùn ún. Egbò náà kọ̀, kò jinná. Mo fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, mo dì í, mo tú u, mo tún un dì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo gbá a lápá mú, ó di ọsibítù.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà tó gbà wá. Ó gún ọkọ mi níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un gún. Kò wá fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ rárá. Ó ní, "Bàbá, ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹsẹ̀ yìí la sì fẹ́ gbà là. Tí ṣúgà ò bá wálẹ̀, egbò yìí ò ní jinná. Tí kò bá jinná, a máa gé ẹsẹ̀ náà ni. Tá ò bá sì tètè gé e, ẹ̀mí ló kàn."

Ó wá kọjú sí mi. Ó ní oògùn nìkan ò lè ṣe é, pé oúnjẹ ni, pàápàá jù lọ oúnjẹ àárọ̀. Ó ní ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú, ohun tó bá jẹ kó tó lọ sùn ni ara rẹ̀ máa gbé sùn. Kó jẹ ẹ̀wà, kó jẹ ẹyin, kó jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Kó má fẹnu kan ṣúgà, kó má fẹnu kan mílíìkì dídùn inú agolo, kó má sì jẹ búrẹ́dì funfun.

"Búrẹ́dì kẹ̀?" ni ọkọ mi wí. "Dókítà, iṣẹ́ búrẹ́dì ni mò ń ṣe jẹun."

"Ẹ máa ṣe é, Bàbá. Ẹ má kàn jẹ ẹ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò.

Láti ọjọ́ náà, ṣúgà kúrò nílé wa. Gbogbo jáàmù tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo dà nù, títí kan èyí tí èmi fúnra mi fẹ́ràn. Màá ti rẹ ẹ̀wà sómi kí n tó sùn. Màá jí nígbà tí ojú ọ̀run ṣì dúdú, màá sè é kó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, màá bọ ẹyin, màá gé tòmátì àti kùkúmbà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, màá wá da ẹ̀fọ́ sórí iná fún ìgbà díẹ̀. Tó bá fi máa wọlé, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì. Á jókòó, á yìn mí. Á ní, "Alágbàfọ̀, àṣé o mọ oúnjẹ sè báyìí, tí o fi mí sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá." Á wá máa fi ṣíbí ti ẹ̀wà kiri inú àwo. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò jẹ. Á ní oorun ti ń kun òun.

Mo rò pé kò dùn lẹ́nu rẹ̀ ni. Mo fi kún ata, mo dín ata kù, mo fi àlùbọ́sà sí i, mo yọ àlùbọ́sà kúrò. Ó ń yìn mí, àmọ́ kì í jẹ ẹ́ tán. Nígbà tá a padà sí ọsibítù, ṣúgà ò kúrò níbi tó wà. Dókítà wo ọkọ mi, ó wá wò mí. Ẹ ò mọ irú ìwò yẹn.

"Màmá, ṣé ó dá yín lójú pé ohun tí mo sọ ni ẹ ń sè fún wọn?"

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo ní, "Dókítà, ẹ wá bá wa jẹun lọ́la, kí ẹ fojú ara yín rí i."

Ọkọ mi tẹrí ba, bàtà rẹ̀ ló ń wò. Ó sì jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ara aṣọ ni mo ti wá rí i. Aṣọ iṣẹ́ ọkọ mi, ìyẹ̀fun ni mo máa ń bá lára rẹ̀, àti òróró, àti òógùn. Lọ́jọ́ yìí, mo rí àbàwọ́n kan létí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tíì ni, tíì onímílíìkì, ó ti gbẹ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi tí mo ti ń fọ àbàwọ́n tíì láti ìgbà ọmọge, mo mọ̀ pé tíì lásán kì í lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Mo wẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀, mo fi ahọ́n kàn án. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ó dùn bí oyin.

Obìnrin ni mo kọ́kọ́ rò. Ẹ sọ òótọ́, kí lẹ̀yin ì bá rò? Gbogbo ọjọ́ náà ni mo fi ń bá obìnrin tí mi ò mọ̀ jà lọ́kàn mi. Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ kejì, mi ò gbé oúnjẹ wá. Ṣẹ́ẹ̀tì náà ni mo tẹ́ sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Ta ló ń po tíì fún yín, Bàbá ọmọ mi?"

Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wò mí. Ó tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde.

"Màmá ni," ó ní.

Màmá ni ìyá rẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ ló ń dá gbé, ní ojú ọ̀nà láàárín ilé búrẹ́dì àti ilé wa. Mo mọ̀ pé ọkọ mi máa ń já búrẹ́dì gbígbóná sílẹ̀ fún un tó bá ń bọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ó máa ń jókòó. Ó máa ń jókòó, ìyá rẹ̀ á gé búrẹ́dì náà nípọn, á fi bọ́tà pa á, á da mílíìkì àti ṣúgà sínú tíì títí ṣíbí á fi fẹ́ẹ̀ dá dúró nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ jẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wá ti ẹ̀wà mi kiri inú àwo.

"Ṣé Màmá ò mọ̀ pé ara yín ò yá ni?"

"Kò mọ̀."

"Ẹ ò sọ fún un?"

"Ojoojúmọ́ ni mo máa ń fẹ́ sọ ọ́. Ìwọ náà ṣáà mọ òfin ilé wa."

Mo mọ̀ ọ́n. Òfin ilé Màmá nìyí: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ burúkú fún ẹni tí kò tíì jẹun. Nígbà tí ọkọ mi ṣì wà lọ́mọdé, ẹnì kan sáré wọlé wọn ní ìdájí, ó sọ fún bàbá wọn pé odò ti gbé àkọ́bí rẹ̀ lọ. Bàbá náà ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ó dìde, ó tún jókòó, kò sì dìde mọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Màmá ní irọ́ ni, pé inú òfìfo ni ọ̀rọ̀ náà bá. Ó ní ká ní ó ti jẹun ni, ká ní ọ̀rọ̀ náà bá nǹkan nínú rẹ̀, ì bá yè é. Láti ìgbà náà, ilé ì báà máa jó, ẹ ó kọ́kọ́ jẹun ná lọ́dọ̀ Màmá. Onílé rẹ̀ wá bá a lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ní kó kó jáde. Màmá ní kó dúró kí òun jẹun tán, ó sì bu oúnjẹ fún òun náà. Onílé jẹun tán, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ti fi òfin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi.

"Ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ wá sọ ọ́," ni mo wí. "Ṣé ẹ ò ní ẹnu ni?"

"Tá a bá jẹun tán, inú rẹ̀ á ti dùn. Á máa sọ̀rọ̀ bàbá mi, á ní mo jọ ọ́. Á wá sùn lọ lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ á wà nínú ọwọ́ mi. Ìgbà wo ni kí n sọ ọ́?"

"Ẹ má jẹun nígbà náà! Ẹ jẹ́ kí òun jẹ tirẹ̀."

"Tí mi ò bá jẹ, kò ní jẹ. Mo ti dán an wò. Ó gbé gbogbo rẹ̀ padà, ó ní ebi ò pa òun náà. Èmi nìkan ló ṣẹ́kù fún un, Alágbàfọ̀."

Orí mi gbóná. Mo pariwo débi pé ará ilé kejì ṣí fèrèsé. Mo ní, "Òfin yín yìí ló máa gé yín lẹ́sẹ̀! Tí kò bá jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó jẹun, tí ẹ ò sì lè sọ̀rọ̀ tí ẹ bá jẹun tán, ìgbà wo ni èèyàn ń sọ̀rọ̀ nílé yín?"

Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí kí n lè tú u wò. Àtàǹpàkò náà ti dúdú létí.

Èmi ni mo ronú kan fúláàsì. Mo ní tó bá jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ bá ìyá rẹ̀ jẹun, kó gbé tirẹ̀ lọ. Kí Màmá jẹ búrẹ́dì, kí òun jẹ ẹ̀wà, wọ́n ṣáà jọ jẹun nìyẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dáa. Mo ra fúláàsì oúnjẹ kan tó ní ìdérí pupa. Nígbà tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, màá ti kó ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀. Láàárọ̀, á gbé fúláàsì padà wá, òfìfo, kò ní ṣẹ́kù ẹyọ kan. Inú mi wá dùn! Mo ń kọrin ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà ń bi mí bóyá ọmọ mi ti bímọ.

Ẹsẹ̀ náà ò sì yí padà. Ó ń burú sí i. Dókítà gún un níka, ó mi orí. Ó fún wa ní ọjọ́ mìíràn, ó ní tó bá ṣì rí báyìí lọ́jọ́ náà, àwọn ò ní bá wa dá ọjọ́ mìíràn mọ́, gígé ni. Mo ń bá a jiyàn pé, "Ó ń jẹ ẹ́ o! Mò ń fojú mi rí fúláàsì!" Ọkọ mi fà mí láṣọ pé ká máa lọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo dìde, mo lọ pàdé rẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá. Kí n má purọ́, èmi àti Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹnu mi mú jù. "Ìyàwó" ló máa ń pè mí, kò sì ní fi nǹkan kan tì í. Lọ́jọ́ náà, bó ṣe ṣílẹ̀kùn tó rí mi báyìí, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ọmọ mi!" ó ní. "Ọmọ mi ló wá yìí!"

Mo wẹ̀yìn, mo rò pé ẹlòmíràn ló ń pè. Ó gbá mi mọ́ra. Ara rẹ̀ ti le, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, ojú rẹ̀ ń dán. Ó fà mí wọlé, ọkọ mi sì jókòó níbẹ̀, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀, búrẹ́dì níwájú rẹ̀. Níwájú àga Màmá ni fúláàsì onídèérí pupa wà, ṣíbí sì wà nínú rẹ̀.

"Oúnjẹ tí o ń fi ránṣẹ́ sí mi yìí," ni Màmá wí, "mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ẹ̀wà yẹn rọ̀ bó ṣe yẹ eyín mi. Orúnkún tó ń dùn mí ti lọ. Mo ní kí ọkọ rẹ máa bá mi dúpẹ́ lójoojúmọ́, ṣé ó ń jíṣẹ́?"

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ó ti ki ojú rẹ̀ bọ inú ife.

"Ó ń jíṣẹ́, Màmá," ni mo wí. "Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́—"

"O ti jẹun?"

"Rárá, Màmá, ọ̀rọ̀ náà ni pé—"

"Jẹun ná."

Ó gé búrẹ́dì fún mi, ó pa bọ́tà sí i, ó po tíì. Mo jẹ ẹ́. Mo fẹ́ tètè jẹ ẹ́ tán kí n lè sọ̀rọ̀, ó ń há mi lọ́fun. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń gbàdúrà fún mi. Ó ní òun ti ṣì mí lóye láti ọjọ́ yìí wá, kí n foríjì òun. Ó ní ẹni tó bá ń ro ti ìyá ọkọ rẹ̀ kó tó ro ti ara rẹ̀, ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ á dáa. Omi ń dà lójú mi, ó rò pé omijé ayọ̀ ni. Mo gbé ife sílẹ̀, mo la ẹnu, ọkọ mi sì sáré dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó di tábìlì mú.

"Kí ló ṣe ọ́ lẹ́sẹ̀?" ni Màmá bi í.

"Bàtà ló há, Màmá."

"Bọ́ ọ kí n wò ó."

"Á rọ̀ tó bá yá. Oorun ń kùn mí, Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìjà la jà délé. Àárín títì ni, èmi ò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo pè é ní ojo. Mo ní ó ti fi oúnjẹ tí mo fi òógùn sè bọ́ ìyá rẹ̀, ó sì ń pa ara rẹ̀. Ó ní, "Màmá ní ta ló sè é, mo ní ìwọ ni. Ó ní, 'Fún mi?' Ojú rẹ̀ yí padà, inú rẹ̀ dùn débi tí mi ò lè sọ pé rárá." Mo ní tí kò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́, pé òfin kankan ò dè mí. Ó dúró. Ó ní, "Tá a bá ti dé láti ọsibítù lọ́jọ́ tí dókítà dá, ohunkóhun tó bá wí, màá lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kó jẹ́ èmi. Ìyá mi ni." Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín. Mo gbà fún un.

Ọjọ́ tí dókítà dá ò tíì pé nígbà tó wọlé láàárọ̀ kan, kò yà lọ́dọ̀ Màmá. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tètè dé ju bó ṣe máa ń dé lọ. Ara rẹ̀ gbóná, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Gbé oúnjẹ wá," ó ní.

"Ẹ dìde ká lọ sí ọsibítù, Bàbá ọmọ mi, ara yín gbóná."

"Gbé e wá ná. Gbogbo rẹ̀."

Ó jẹ ẹ̀wà, ó jẹ ẹyin, ó jẹ ẹ̀fọ́, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí ha inú àwo. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

"Ó dùn," ó ní. "Ó yẹ kí n ti máa jẹ ẹ́."

Bó ṣe fẹ́ dìde ló ṣubú.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà dé orúnkún, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú egbò náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò jí láti mọ̀ pé wọ́n gé e. Mo ránṣẹ́ sí Màmá pé iṣẹ́ pọ̀ ní ilé búrẹ́dì, pé ọmọ rẹ̀ á máa sùn síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, mi ò jẹ, mi ò mu. Dókítà yẹn náà ló jáde wá bá mi láàárọ̀, nígbà tí wọ́n ń pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bọ́ ìbòmú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Inú mi ṣófo nígbà tó sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ sì wọlé.

Ọmọ mi ti wà lọ́nà, ó ní kí n dúró de òun ká jọ lọ bá Màmá. Mi ò lè dúró. Mo lọ sílé, mo sì dáná. Ẹ bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo gbé ẹ̀wà kaná, mo bọ ẹyin, mo gé tòmátì, mo ń bú òfin náà, mo ń bú ẹni tó ṣe é, mo sì ń sè é. Mo kó o sínú fúláàsì, mo dé ìdérí pupa lé e. Kí Màmá ṣáà jẹun ná. Ìyẹn nìkan ló kù tí mo lè ṣe.

Ìgbà tí ọkọ mi máa ń dé ibẹ̀ ni mo débẹ̀. Ife méjì ti wà lórí tábìlì. Màmá wo ojú mi, ó wo fúláàsì, ó wá wo ẹsẹ̀ mi. Èmi náà wò ó. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi kì í ṣe méjì ara wọn, ọ̀kan jẹ́ tèmi, ọ̀kan jẹ́ ti ọkọ mi. Ó wò ó pẹ́.

"Ṣé iṣẹ́ ṣì pọ̀ ní ilé búrẹ́dì?" ó ní.

"Màmá, ẹ jẹun ná."

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, mi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìdérí. Ó ti ṣí i díẹ̀, ooru ẹ̀wà ti ń jáde. Ó tún un dé, ó sì lọ́ ọ mọ́lẹ̀.

"Ebi ò pa mí," ó ní. "Jẹ́ ká dúró de ọkọ rẹ."

A jókòó. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó dé orí tábìlì. Àwọn èèyàn ń kọjá níta. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní, "Mo ní ebi ò pa mí." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo fúláàsì náà. Ohun tó ń ṣe wá yé mi. Tí nǹkan kan ò bá tíì kan ẹnu rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún un. Títí dìgbà náà, ọmọ rẹ̀ ṣì wà lọ́nà, ó ń bọ̀, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi, ẹ gbọ́. Ó ṣe mí bíi kí n gbá fúláàsì náà mọ́lẹ̀, kí n sì lọgun rẹ̀ lé e lórí. Mo kàn jókòó, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ó wá yíjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́? O ti jẹun?"

"Rárá, Màmá."

"Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún ọ ńkọ́?"

Ẹkún gbé mi. Mi ò mọ ibi tó ti jáde. "Mi ò tíì jẹun, Màmá. Kò sẹ́ni tó ní kí n jẹun ná."

"Yéè," ó ní. "Yéè, ọmọ mi."

Ó ṣí fúláàsì náà. Ó bu ẹ̀wà sí ṣíbí, ó fi ọwọ́ kejì gba abẹ́ rẹ̀ kó má baà ta sí mi láṣọ.

"La ẹnu," ó ní.

Mo la ẹnu. Ẹ̀wà náà ti tutù. Mo gbé e mì pẹ̀lú omi ojú, ó tún bu òmíràn, mo tún gbé e mì. Kò kánjú. Nígbà tó rí i pé mo ti lè mí dáadáa, ó wo ṣíbí náà, ó bu díẹ̀, ó fi sí ẹnu ara rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbé e mì. Ó fi etí aṣọ nu ẹnu, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó sì jókòó dáadáa sórí àga rẹ̀.

"Ó yá," ó ní. "Sọ ọ́."